Àgbà Tí N Kò Lè Yọ Kúrò Lójú Pápá

Èmi fúnra mi ni mo mú un wọ inú eré náà. Bí mo bá rántí rẹ̀, inú á kọ́kọ́ bí mi sí ara mi, lẹ́yìn náà màá tún padà bínú sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé wa ní Ìsẹ́yìn ni. Ọmọ Ìlùà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo àgbà tó bá pàdé, eruku ì báà wà nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló sọ fún mi pé ẹnì kan ti kúrò nínú líìgì àwọn, àyè kan ṣí sílẹ̀, ṣé mo mọ ẹni tó lè gbà á. Mo wo yàrá àwọn olùkọ́ yíká, mo rí ọmọ yìí níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà, mo sì pè é. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ irú eré tó jẹ́. Bésíbọ́ọ̀lù ni, eré àwọn ará Amẹ́ríkà, àmọ́ kò sí ẹni tó ń sáré níbì kankan. Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Olúkúlùkù wa ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ènìyàn gidi, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjọ́ orí, wọ́n ní agbára, ó ń rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ń darúgbó. Àwọn kan ń ju bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń fi igi gbá a. Àwọn tó ń jù ú ni mo ń pè ní ajubọ́ọ̀lù, àwọn tó ń gbá a ni mo ń pè ní onígi. Bí onígi bá gbá a dáadáa, tó sì sáré yí pápá ká padà dé ibi tó ti gbéra, ayò kan nìyẹn. Iṣẹ́ ajubọ́ọ̀lù ni kó má jẹ́ kí wọ́n rí i gbá. Abala mẹ́sàn-án ni eré kan. Agbára kan náà ni wọ́n pín fún gbogbo wa láti fi kó ẹgbẹ́ jọ, bí o bá sì ná púpọ̀ sórí onígi, ajubọ́ọ̀lù tí kò já mọ́ nǹkan ni wàá fi ìyókù rí mú. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a ó fi àṣẹ sílẹ̀: ta ni yóò kọ́kọ́ gbá, ta ni yóò máa jù, ìgbà wo ni kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ á máa bá eré lọ fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè ṣe sí i.

Ọ̀rẹ́ mi ni alága líìgì náà. Ọmọ Ìràwọ̀ ni, àmọ́ Ìsẹ́yìn la ti jọ ka ilé-ìwé girama, orí ẹní kan náà la sì jọ ń sùn nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé àwọn ahunṣọ, níbi tí ariwo òfì kì í ti í jẹ́ ká sùn pẹ́ láàárọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, a máa ń pe ara wa, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu wa. Á béèrè àwọn ọmọ, màá béèrè òtútù, ó parí. Eré yìí ló gbà wá. Ó ní kí n wá kó ẹgbẹ́ kan jọ, mo kó o jọ, láti ìgbà náà la sì ti ní nǹkan tí a lè máa jiyàn lé lórí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá gbé àga lọ sábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, a ó sì sọ̀rọ̀ títí fóònù á fi gbóná mọ́ mi létí. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, máa ń sọ pé ká ní òun náà ń ju bọ́ọ̀lù ni, bóyá òun náà ì bá máa rí mi bá sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀rẹ́ mi bá sì wálé, ilé mi ló máa ń dé sí. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìràwọ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ mi ló ń kọ́kọ́ gbé ẹrù sọ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa ń padà sí. Yàrá kan wà lápá ọ̀tún tí àwọn ọmọ mi ń pè ní yàrá Amẹ́ríkà. Bó ti wù kí àlejò pọ̀ tó, a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn níbẹ̀. Èmi ni mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀ fúnra mi. Kò sí ohun mìíràn láyé yìí tí mo ní tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kò ní, àfi ọ̀rẹ́ yìí.

Onígi ni mo fẹ́ràn nínú eré náà. Kí bọ́ọ̀lù fò, kí àwọn ènìyàn máa yí pápá ká, ìyẹn ni mo mọ̀ sí eré. Mo ná gbogbo agbára mi sórí wọn. Ajubọ́ọ̀lù tó nítumọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, bàbá kan tó ti dàgbà, tí kò sí ẹni tó fẹ́ mú un mọ́, ìdí nìyẹn tó fi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àwọn onígi mi á gbá ayò wọlé bí òjò, àwọn tí à ń bá ṣe á sì gbá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́ títí. Á ní, "Tíṣà, jẹ́ kó dọ́gba. Mú lára onígi, kó o fi wá ajubọ́ọ̀lù." Màá ní ilé mi ni, bó ṣe wù mí ni màá ṣe tò ó.

Ìwà kan tún wà tí mo ń hù tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí n kò rò pé ó tó ohun tí à ń sọ. Ọjọ́ orí ni mo fi ń to àwọn onígi mi. Ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ gbá, bó ṣe jẹ́ pé òun náà ló ń kọ́kọ́ bọ ọwọ́ sínú àwo bí wọ́n bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ nílé wa. Ní ti bàbá tó ń ju bọ́ọ̀lù, n kò fi àṣẹ kankan sílẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́. Ṣé kí ọmọdé kan wá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èrò, kí bàbá máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ sórí bẹ́ńṣì? Mo mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn gidi. Síbẹ̀ ọwọ́ mi kò gbé e. Bó bá ti di abala kẹfà, ó ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa lù ú bí ìgbà tí wọ́n ń fi igi lu ẹ̀wà lóko, bàbá á sì dúró síbẹ̀ títí eré á fi parí.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wọlé, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá. "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, sà?" Mo ní kó kó onígi. Ó dúpẹ́, ó tẹríba, ó sì lọ kó ẹgbẹ́ tó dọ́gba: ajubọ́ọ̀lù tó dára díẹ̀, onígi tó dára díẹ̀, kò sí ẹni tó ṣe gbòógì nínú wọn. Mo wò ó, mo ní ẹgbẹ́ kí ni eléyìí, kò ní adùn, kò ní iyọ̀. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í nà gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayò mẹ́ta sí méjì, ayò mẹ́rin sí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ti dé abala karùn-ún, á yọ ọ́, ì báà ṣe bàbá arúgbó, á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ọmọ tó o mú wá yìí, orí rẹ̀ pé," ni ọ̀rẹ́ mi wí fún mi lọ́jọ́ Àìkú kan. "Ohun tí mo ti ń sọ fún ọ láti ọjọ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́ fún un."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìyìn. Ìgbà wo ni àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀? N kò fún ọ̀rẹ́ mi ní nọ́ńbà ọmọ náà. Àṣé wọ́n ti fún ara wọn.

Láti ìgbà náà ni etí mi ti là. Bí mo bá pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, fóònù á ní ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Màá jókòó sábẹ́ máńgòrò, màá máa tẹ̀ ẹ́, màá máa tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá wá gbé e, ohùn rẹ̀ á ti rẹ̀, ẹ̀rín á ti tán lára rẹ̀, ìyókù ló kù fún mi. Àwọn tó bá sọ pé obìnrin ló ń jowú kò tíì rí mi lábẹ́ igi yẹn. Owú gba gbogbo ọkàn mi. Bí ọmọ náà bá kí mi láàárọ̀ nílé-ìwé, màá dá a lóhùn, àmọ́ n kò ní wo ojú rẹ̀. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó gbé márùn-ún wá láti oko bàbá rẹ̀ ní Ìlùà. Mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ó gún un. Mo jẹ ẹ́ tìbínú-tìbínú, iṣu náà sì dára, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Èyí tó wá burú jù ni ti gúrúùpù orí fóònù, níbi tí gbogbo àwọn tó ní ẹgbẹ́ wà, Amẹ́ríkà àti àwa méjèèjì. Ọmọ yìí ti ń wo eré mi, ó sì ti rí ọ̀nà tí mo gbà ń tò wọ́n. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun bọ̀wọ̀ fún àgbà débi pé ọjọ́ orí ló fi ń to àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì lè lé àgbà ajubọ́ọ̀lù kúrò lójú pápá. Ìyìn ló fi ṣe, mo mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́dọ̀ tiwọn. Ọ̀rẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó jẹ́ èmi àti òun nìkan la jọ máa rẹ́rìn-ín irú rẹ̀.

Láìpẹ́ sí ìyẹn, ọmọ náà bá mi nínú yàrá àwọn olùkọ́. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé bọ̀dá Amẹ́ríkà ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí." Èmi kò tíì gbọ́. Mo ní mo ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní òun ti sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ sinmi, ilé òun wà ní ọ̀nà Ìlùà. Ilé tuntun ni, kékeré, ṣùgbọ́n omi ń yọ nínú rẹ̀, ó sì ti gbé sólà sórí òrùlé. Kànga ni tèmi. Iná ń wá nígbà tó bá wù ú. Mo dé ilé, mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá Amẹ́ríkà, mo ń wo ògiri. Lọ́jọ́ kejì mo pe akunlé.

Mo tún ṣe ohun mìíràn. Mo jókòó nílé-ìwé nígbà tí àwọn ọmọ wà lórí ìdánwò, mo ṣí ẹgbẹ́ mi, mo sì jẹ́ kó dọ́gba. Mo fi méjì nínú àwọn onígi tí mo fẹ́ràn jù pààrọ̀ ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù méjì. Mo to àwọn tó kù gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ wọn ṣe mọ̀ ọ́n gbá, ọmọdé ṣáájú àgbà. Níkẹyìn mo dé orí bàbá. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́ ní abala karùn-ún. Ojú tì mí bí ẹni pé ó jókòó níwájú mi. Àmọ́ mo fẹ́ na ọmọ yẹn, mo fẹ́ nà án níṣojú ọ̀rẹ́ mi, kí ọ̀rẹ́ mi sì rí i pé mo gbọ́n. Ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Ó ń borí títí ó fi wá ku èmi àti ọmọ Ìlùà tí a máa jọ du ife. Ọ̀rẹ́ mi ní òun kò ní tẹ ẹ̀rọ kó bẹ̀rẹ̀ eré náà títí òun á fi dé Ìsẹ́yìn, kí gbogbo wa jọ wò ó.

Ó dé nígbà ọyẹ́. Ilé mi ló gbé ẹrù sọ̀ sí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àpótí rẹ̀ lé orí. Ó yin ọ̀dà tuntun, ó jókòó, ó mu omi, ó sì ní, "Ọmọ wa yẹn ńkọ́?"

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé la gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì ní fàráńdà. Ọmọ náà gun ọ̀kadà rẹ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwa méjèèjì, ó jókòó sórí àga tó kéré jù. Ìyá Ìbejì din wàrà fún wa. Ọ̀rẹ́ mi tẹ eré náà, ó sì ń kà á sókè bó ṣe ń jáde lójú ẹ̀rọ. Abala mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó ju ẹnì kejì lọ. Ní abala karùn-ún, wọ́n yọ bàbá mi. Ọ̀rẹ́ mi dá kíkà dúró, ó wò mí, ó ní, "Tíṣà." Ọ̀nà tó gbà pè mí dùn mọ́ mi. Ọ̀dọ́ tó rọ́pò bàbá ń ju bọ́ọ̀lù tí ojú kò tó.

Ní abala kẹfà, àwọn onígi mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Ayò kan, ayò méjì, ayò mẹ́ta. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ní abala keje wọ́n tún ń gbá a. Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ta ló ń jù ú fún ọmọ yìí. Àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ọkùnrin arúgbó tí ọmọ náà máa ń yọ kúrò ní abala karùn-ún láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Kò yọ ọ́. Mo ní bóyá ó gbàgbé. Ọmọ yẹn kì í gbàgbé. Mo wá fara balẹ̀ gbọ́ orúkọ àwọn onígi rẹ̀ bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń kà wọ́n. Mo mọ ọjọ́ orí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí mo ti wo ẹgbẹ́ náà ju bí mo ṣe ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ mi lọ. Ẹni tó dàgbà jù ló kọ́kọ́ gbá. Ẹni tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ orí ló tẹ̀ lé e. Títí dé orí àbíkẹ́yìn wọn.

Mo gbójú sókè. Ọmọ náà ń wo wàrà ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń kà á lọ bí ẹni tó ń ka bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ. Mo borí pẹ̀lú ayò mẹ́sàn-án sí mẹ́ta. Àwọn méjèèjì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo sin ọmọ náà dé ibi tó gbé ọ̀kadà sí. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò yọ bàbá yẹn?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Àgbà ni, sà."

"Ìgbà wo lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àgbà ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè nà yín níwájú ọ̀rẹ́ yín. Kò dáa bẹ́ẹ̀."

Kò sí ẹ̀gàn kankan lójú rẹ̀. Ká ní ẹ̀gàn wà níbẹ̀ ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa sọ. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó tẹ ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Gbogbo bí mo ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ mi dọ́gba, gbogbo ìtìjú tí mo gbé mì lórí bàbá yẹn, n kò ní mọ̀ láéláé bóyá ó tó láti fi na ọmọ Ìlùà yìí.

Nígbà tí mo padà wọlé, oòrùn ti ń wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá Amẹ́ríkà, ó ń ká wáyà kọ̀ǹpútà. Mo ní, "O mọ̀." Kò bi mí pé kí ni mò ń sọ. Ó ká wáyà náà tán, ó fi rọ́bà dè é.

"Ọmọ yẹn ní kí n wá sun ilé òun bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan," ló wí. "Ó ní omi wà, iná wà. Mo sọ fún un pé kò ṣeé ṣe."

"Kí ló dé tí kò ṣeé ṣe?"

"Ṣé kí n wá gbé ẹrù kúrò nílé rẹ ni, Tíṣà? Ibí ni mo ti ń dé sí láti ọjọ́ yìí."

Ohùn jẹ́jẹ́ tó fi sọ ọ́, ohùn tí ọmọ yẹn fi sọ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà ni. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà bí bàbá ajubọ́ọ̀lù mi ṣe máa ń dúró lójú pápá. Apá bàbá ti wó, gbogbo pápá ti mọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó máa wá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí fún un nìyẹn, n kò sì mọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ: lọ sùn níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, kò sí wàhálà. Ó ti dé ẹnu mi. Mo rí i pé ó ń retí rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì ti ń gbé omi gbígbóná bọ̀," ni mo wí. "Múra kó o lọ wẹ̀."